Ìpàdé Ẹgbẹ́ àti Ìbẹ̀rẹ̀ Òwò Kọ̀ǹpútà ní Kalifóníà, 1975–1986

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta, ọdún 1975, àwọn ènìyàn bí ọgbọ̀n pàdé nínú ilé ìgbọ́kọ̀sí Gordon French ní Menlo Park láti yẹ kọ̀ǹpútà Altair wò. Báyìí ni Homebrew Computer Club ṣe bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀, ohun tí ẹnì kan bá mọ̀ a di ti gbogbo ẹgbẹ́: ọ̀fẹ́ ni Steve Wozniak pín àwòrán ẹ̀rọ tí ó di Apple I. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò lè tú gbogbo àṣírí wọn fún ara wọn mọ́. Ìtàn yìí fi hàn pé ìpàdé ni ó bí òwò, òwò ni ó sì pa ìpàdé lẹ́nu mọ́.