Orúkọ Tó Wà Lára Ìgò: Bí Àwọn Gíríìkì Ṣe Ń Ṣọ́ Wáìnì Wọn

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn Gíríìkì ti ń fi ọgbọ́n yìí bá ọtí wáìnì lò láti ìgbà láéláé. Ní erékùṣù Thasos, ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n gbẹ́ òfin wáìnì sára òkúta: ọkọ̀ ojú omi ará Thasos kò gbọdọ̀ gbé wáìnì ilẹ̀ mìíràn wọ agbègbè òkun tí òfin náà dárúkọ. Wọn a sì máa tẹ òǹtẹ̀ tó ní orúkọ àwọn ará Thasos sí etí ìkòkò tí wọ́n fi ń kó ọtí lọ sókè òkun, kí olùrà lè mọ ibi tó ti wá.

Ní 1971, ìjọba Gíríìsì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin òde òní dáàbò bo orúkọ àwọn ìlú tí wáìnì wọn lókìkí. Ipò méjì ni wọ́n pín in sí. OPE wà fún wáìnì aládùn, bíi ti erékùṣù Samos, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ búlúù sì ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ìgò rẹ̀. OPAP wà fún àwọn tí kì í ládùn, bébà tirẹ̀ sì pupa. Nígbà tí òfin tuntun Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009, méjèèjì di ọ̀kan lábẹ́ orúkọ POP. PGE ló tẹ̀ lé e; agbègbè rẹ̀ sábà máa ń gbòòrò jù, òfin rẹ̀ kò sì le tó ti POP.

Ní Nemea ni ìyàtọ̀ náà ti hàn kedere. Àjàrà Agiorgitiko nìkan ni òfin gbà fún wáìnì pupa tí yóò jẹ́ orúkọ ìlú náà, gẹ́gẹ́ bí Naoussa ti jẹ́ ti Xinomavro nìkan. Bí àgbẹ̀ Nemea kan bá po àjàrà ilẹ̀ Faransé mọ́ tirẹ̀, ọtí náà lè dùn ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ, síbẹ̀ kò ní lè pè é ní Nemea. Abẹ́ orúkọ tó gbòòrò, bíi PGE Peloponnese, ni yóò ti tà á.

Òfin yìí le mọ́ ẹni tó fẹ́ dán nǹkan tuntun wò. Ṣùgbọ́n bí a bá gba ẹnikẹ́ni láyè láti kọ Nemea sára ìgò, àgbẹ̀ tí baba ńlá rẹ̀ ti ń tọ́jú Agiorgitiko lórí òkè wọ̀nyẹn ni yóò pàdánù. Orúkọ ìlú rẹ̀ ni ogún tó ní, olè sì lè jí i láìwọ inú oko rẹ̀.