Fúláàtì tuntun ní Ìlàjẹ Bàrígà: níbo ni àgbàlagbà yóò máa gbé?

Ẹni tó bá gba orí afárá Third Mainland láti Ìsàlẹ̀ Èkó lọ sí Òwòrònṣòkí yóò rí àwọn ilé etí ọ̀sà tó wà lápá òsì rẹ̀. Ìlàjẹ Bàrígà wà lára wọn. Àwọn apẹja tó ṣí wá láti ilẹ̀ Ìlàjẹ, lẹ́bàá òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni àdúgbò náà ti gba orúkọ rẹ̀.

Láti ọdún 1990 tí wọ́n ti parí afárá náà, àdúgbò yìí ti di ibi tó súnmọ́ gbogbo nǹkan. Yunifásítì Èkó wà ní Akọkà, Yábàá kò sì jìnnà. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń kọ́ ilé tà fi ń wá ilé àtijọ́ kiri ní Ṣómólú àti Bàrígà, tí wọ́n ń wó o, tí wọ́n sì ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ojú ilẹ̀ kan náà.

Àgbàlagbà ló sábà máa ń ni irú ilé àtijọ́ bẹ́ẹ̀: atẹ̀wé, télọ̀, oníṣòwò tàbí apẹja, tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì kankan. Owó tí ayálégbé ń san ni wọ́n fi ń jẹun, òun ni wọ́n sì fi ń ra oògùn. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ àtúnkọ́ àdúgbò ni pé, níbo ni arúgbó yóò máa gbé nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́, àti lẹ́yìn tó bá parí?

Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí

Ní ọdún 1955, àjọ LEDB, tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ní 1928, bẹ̀rẹ̀ ètò láti wó apá kan Ìsàlẹ̀ Èkó. Ilẹ̀ tó tó éékà 70 ni wọ́n là kalẹ̀ fún un, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì kan, ṣe ìwádìí nípa wọn, ó sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ó rí i pé ilé tuntun dára lójú, ṣùgbọ́n ẹbí jìnnà síra wọn, oníṣòwò pàdánù oníbàárà, ìrànlọ́wọ́ tí àgbà ń rí gbà lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ sì dínkù.

Ní 2006, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ìpínlẹ̀ Èkó. Àtúnṣe àdúgbò mẹ́sàn-án wà lára iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe. Ìlàjẹ, Bàrígà àti Badia wà nínú wọn. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 2013, ìjọba wó ilé ní Badia East. Àjọ Amnesty International sọ pé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Fúláàtì 1,008 ni ìjọba ní òun fẹ́ kọ́ síbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ta fúláàtì

Nínú ètò Lagos HOMS tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀ ní 2014, ẹni tó fẹ́ ra fúláàtì yóò kọ́kọ́ san ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀, yóò sì fi ọdún mẹ́wàá san ìyókù. Ní 2016, ètò mìíràn dé tí àsansílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 péré, tí a ó sì máa san ìyókù bí owó ilé fún ọdún mẹ́wàá. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, àjọ PenCom gbà kí òṣìṣẹ́ mú ìdá 25 nínú owó ìfẹ̀yìntì tó ti tọ́jú, kó fi ṣe àsansílẹ̀ ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fẹ̀yìntì kò sí nínú èyí.

Owó oṣù ni gbogbo ètò wọ̀nyí gbójú lé. Ẹni àádọ́rin ọdún tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fúláàtì lónìí yóò pé ọgọ́rin kó tó san án tán. Nítorí náà, ilẹ̀ tí arúgbó jókòó lé ni ohun kan ṣoṣo tó ní tó lè fi gba fúláàtì.

Kí onílé tó buwọ́ lùwé

Àdéhùn tó wọ́pọ̀ ni pé onílé yóò mú ilẹ̀ sílẹ̀, akọ́lé yóò mú owó wá, wọn yóò sì pín fúláàtì. Kò burú, bí a bá la ojú sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 sọ pé gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ wà létí ọ̀sà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù, nítorí ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń du àṣẹ lórí etí omi ọjọ́ pẹ́. Kí lọ́yà tirẹ̀ ka ìwé náà, kì í ṣe lọ́yà akọ́lé.

Kí ìwé àdéhùn sọ ẹni tí yóò san owó ilé tí arúgbó yóò máa gbé títí iṣẹ́ yóò fi parí, ọjọ́ tí yóò parí, àti ohun tí akọ́lé yóò san bí ó bá pẹ́ ju ọjọ́ náà lọ. Kí ó sọ ẹni tí yóò máa san owó àbójútó ilé, bíi ti omi, jẹnẹrétọ̀ àti ọdẹ.

Kí ó sì sọ pé fúláàtì ìsàlẹ̀ ni ti arúgbó, nítorí orúnkún tó ń dunni kò bá àtẹ̀gùn ṣọ̀rẹ́. Àmọ́ ilẹ̀ Ìlàjẹ rẹlẹ̀, omi òjò sì máa ń wọlé. Nítorí èyí, kí wọ́n gbé ìpìlẹ̀ sókè, kí wọ́n sì ṣe ọ̀nà tó dagun díẹ̀díẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà dípò àtẹ̀gùn. Kí ilẹ̀kùn fẹ̀ tó kẹ̀kẹ́ aláìlera, kí irin ìdìmú sì wà nílé ìwẹ̀.

Ìjọba ní ilé ìtọ́jú arúgbó ní Yábàá, ìjọ Kátólíìkì sì ní ọ̀kan ní Mushin. Iṣẹ́ àánú ni wọ́n ń ṣe, a sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò lè gba gbogbo àgbà Èkó. Àwọn baba wa ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ọmọ tó bá fẹ́ kí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún akọ́lé, kí ó jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ tí wọn yóò buwọ́ lùwé.