Àwọn Ọ̀ta Ìdí Odán

Ó ti pẹ́ tí ó ti wà ní ọkàn mi láti kọ ìtàn àwọn àgbà kan sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ìlú wa, ní apá ibi tí à ń pè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kí a tó ya Èkìtì kúrò lára rẹ̀ ní ọdún 1996, igi odán ńlá kan wà ní ẹ̀bá ọjà. Abẹ́ igi yìí ni àwọn ọkùnrin bí ogún máa ń péjọ sí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àgbẹ̀ bá ti ti oko dé, tí akọ̀wé sì ti jáde ní ọ́fíìsì, láti ta ayò. Wọn kò ní orúkọ tí wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn. Wọn kò ní ìwé òfin, ẹnikẹ́ni kò sì san owó ẹgbẹ́ rí. Síbẹ̀ n kò mọ ẹgbẹ́ mìíràn ní ìlú wa tí ó pẹ́ tó o, tàbí tí òfin rẹ̀ múlẹ̀ tó ti wọn. Mẹ́rin péré ni ó kù nínú wọn. Àwọn mẹ́rin náà ni mo tọ̀ lọ, tí mo sì jókòó tì ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n lè ròyìn ọdún wọn fún mi.

Nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí a tọ́ ní ìlú ńlá tí wọn kò fọwọ́ kan ọpọ́n rí, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ díẹ̀ nípa eré náà. Ọpọ́n ayò ní ilé méjìlá, mẹ́fà ní ìhà ọ̀dọ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mẹ́rin mẹ́rin ni à ń fi sínú ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Èso igi ẹlẹ́gùn-ún kan ni ọmọ ayò. Ó le bí òkúta, ó ń dán, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí eérú. Ẹni tí ó kàn láti ta yóò kó gbogbo ọmọ inú ilé kan ní ìhà tirẹ̀, yóò sì máa fi wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àwọn ilé tí ó tẹ̀ lé e, láti apá ọ̀tún rẹ̀ lọ. Bí ọmọ ìkẹyìn bá bọ́ sínú ilé ẹnìkejì, tí ó sì sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá kó 25 ti borí. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn ní ẹnu. Ìṣòro rẹ̀ wà nínú odù: àgbà ọlọ́pọ́n yóò rọra máa kó ọmọ jọ sínú ilé kan ṣoṣo, títí yóò fi tó méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó lè yí ọpọ́n po nígbà tí ó bá tú u, kí ó sì jẹ ilé méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó mọ èyí ṣe ni à ń pè ní ọ̀ta. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni òpè. Kí òǹkàwé má ṣe ṣi ohùn ọ̀rọ̀ náà pè, nítorí ọ̀ta ayò kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òpè lè máà gbà bẹ́ẹ̀.

Òfin tí àwọn baba náà kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé ẹni tí ó bá ti jókòó ti ọpọ́n ti bọ́ oyè rẹ̀ sílẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà a máa bú olóyè, awakọ̀ a máa bú ọ̀gá ilé-ìwé, wọn a sì bú wọn ní gbangba, níwọ̀n ìgbà tí èébú náà bá jẹ́ ti ayò. Bí a bá dìde, ẹni tí ó bú olóyè yóò dọ̀bálẹ̀ kí i kí ó tó lọ sí ilé. Baba gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹni tí ó dàgbà jù nínú wọn, sọ pé ọwọ́ ni ó ń ta ìlàjì ayò, ẹnu ni ó ń ta ìlàjì kejì. Àwọn tí ó dúró wòran pàápàá kì í dákẹ́. Òǹwòran a máa gba òpè ní ìmọ̀ràn, a máa gba ọ̀ta ní ìmọ̀ràn pẹ̀lú, a sì tún bú àwọn méjèèjì nítorí pé wọn kò gbọ́ tirẹ̀.

Ní ọjọ́ kan wọ́n bi mí léèrè bóyá àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè mọ ayò. Mo sọ fún wọn pé àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ láti etíkun ilẹ̀ Áfíríkà gbé e kọjá òkun nínú orí wọn, níwọ̀n bí wọn kò ti lè gbé ẹrù mìíràn; pé àwọn ará Antigua àti Barbados ń ta á títí di òní, tí wọ́n ń pè é ní warri; àti pé ní ọdún 1932, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Melville Herskovits, kọ̀wé lórí bí wọ́n ti ń ta á ní ìhà ibẹ̀. Èyí dùn mọ́ wọn púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ti ẹ̀rọ fún wọn. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ méjì ní ìlú Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, fi kọ̀ǹpútà wo gbogbo ọ̀nà tí ọmọ lè gbà wà lórí ọpọ́n awari, tí í ṣe ìbátan ayò tiwa. Iye rẹ̀ jẹ́ 889,063,398,406. Ẹ̀rọ náà ṣe iṣẹ́ yìí fún wákàtí 51, ó sì rí i pé bí àwọn méjì tí kì í ṣe àṣìṣe bá pàdé, ọ̀mì ni wọn yóò ta, 24 sí 24. Àwọn baba dákẹ́ díẹ̀. Nígbà náà ni Baba gbẹ́nàgbẹ́nà wí pé, “Olùkọ́, ẹ̀rọ tí kò lè bú ènìyàn, ayò wo ni ó ta?” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde ní ojú wọn.

Ṣùgbọ́n àkókò kan wà tí wọ́n ta ayò láìsí ẹnu, ọ̀rọ̀ èyí ni ó sì mú kí n kọ ìwé yìí.

Èmi ṣì wà ní ẹ̀yìn ìyá mi ní ọdún 1983. Ní oṣù August ọdún náà, a dìbò fún ipò gómìnà. Michael Ajasin ti ẹgbẹ́ UPN ni ó wà lórí oyè; ẹni tí ó bá a dupò, Akin Omoboriowo, ti jẹ́ igbákejì rẹ̀ rí kí ó tó lọ sínú ẹgbẹ́ NPN. Nígbà tí àjọ elétò ìdìbò kéde pé Omoboriowo ni ó wọlé, ìlú dàrú káàkiri ìpínlẹ̀ náà: a sun ilé, a sun ọkọ̀, a sì pa ènìyàn. Lẹ́yìn èyí ni ilé ẹjọ́ dá ipò náà padà fún Ajasin. Ní ọjọ́ 31 oṣù December, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Nínú àwọn ọlọ́pọ́n ìdí odán, télọ̀ kan wà tí ó jẹ́ ti UPN dé inú egungun, ọlọ́kọ̀ kan sì wà tí ó jẹ́ ti NPN. Àwọn méjèèjì ni ọ̀ta tí ó ga jù níbẹ̀, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń bá ara wọn ta. A sun ilé ọlọ́kọ̀ náà. Òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ sá lọ sọ́dọ̀ àwọn ìbátan rẹ̀ ní òru, ọpọ́n sì wà ní ìdí odán fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹnikẹ́ni kò jókòó tì í. Nígbà tí ó padà dé, kò kọ́kọ́ lọ wo àlàpà ilé rẹ̀. Ó wá sí ìdí odán, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọmọ ní mẹ́rin mẹ́rin, òun nìkan. Àwọn tí ó wà nítòsí ń wo ibòmíràn. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ wà ní òdìkejì ọ̀nà. Télọ̀ fi aṣọ tí ó ń rán sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ó sọdá títì, ó sì jókòó sí ọ̀kánkán rẹ̀.

Wọn kò kí ara wọn. Wọ́n ta títí ilẹ̀ fi ṣú, bẹ́ẹ̀ ni ní ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ni fún oṣù mẹ́ta gbáko. Àwọn òǹwòran náà dákẹ́, ìró ọmọ nínú ọpọ́n nìkan ni à ń gbọ́. Baba gbẹ́nàgbẹ́nà sọ pé òun kò ríran wo ayò tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, òun kò sì fẹ́ rí irú rẹ̀ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, télọ̀ tú odù rẹ̀ kí ó tó kún, ọmọ rẹ̀ ìkẹyìn sì bọ́ sínú ilé òfìfo. Ọlọ́kọ̀ gbé ojú sókè. Ó ní, “Òpè.” Kò sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ọlọ́kọ̀ náà ti kú. Télọ̀ wà nínú àwọn mẹ́rin tí mo ń wí. Mo bi í léèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bóyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ ẹni tí ó ti iná bọ ilé náà. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì wí pé, “Olùkọ́, ìwọ ni ó kàn. Ta ayò rẹ.” N kò bi í mọ́.

Wọ́n ti gé igi odán náà nígbà tí a fẹ ọ̀nà ọjà, àwọn baba sì ti kó lọ sí abẹ́ páànù mẹkáníìkì kan tí ó fi ààyè gbà wọ́n. Ọpọ́n àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń lò. Ọmọ kan ti sọnù nínú rẹ̀, wọ́n sì fi ekùrọ́ dípò, nítorí náà gbogbo ẹni tí ó bá ta níbẹ̀ a máa mọ ibi tí ekùrọ́ wà nígbà gbogbo. Ní ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, télọ̀ jẹ 31 mọ́ mi lọ́wọ́, ekùrọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ó pè mí ní orúkọ tí ó yẹ mí, ó sì ní kí n padà wá ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú.