Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè: ìtàn àwọn panápaná New York

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, iná sọ ní ilé kejì sí ibi tí mò ń gbé. Àwa ará àdúgbò gbé korobá, àwọn ọ̀dọ́ ń fa omi nínú kànga, àwọn kan ń da iyanrìn. Nígbà tí ọkọ̀ panápaná dé, ṣe la pàtẹ́wọ́. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí omi inú ọkọ̀ náà fi tán. Wọ́n yí orí ọkọ̀ padà, wọ́n ní àwọn ń lọ bu omi wá. Kí wọ́n tó padà dé, òrùlé ti wó wọlé. Inú bí àwọn èèyàn débi pé wọ́n fẹ́ lu àwọn ọkùnrin náà. Kí n má purọ́, inú bí èmi náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà: ta ló yẹ kó gbé omi sí ibi tí ọkọ̀ panápaná ti máa rí i?

Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé inú ìtàn ìlú New York. Mo mú New York nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àṣìṣe tí ìlú lè ṣe lórí ọ̀rọ̀ iná ni wọ́n ti ṣe, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Korobá awọ àti ọlọ́dẹ òru

Nígbà tí ìlú náà ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ará Netherlands, New Amsterdam ni wọ́n ń pè é. Igi ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé, koríko ni wọ́n fi bo òrùlé, kódà igi ni wọ́n fi ṣe ihò èéfín ilé àwọn míì. Ní 1648, gómìnà wọn, Peter Stuyvesant, yan ọkùnrin mẹ́rin pé kí wọ́n máa yẹ ihò èéfín wò láti ilé dé ilé. Ẹni tí tiẹ̀ bá dọ̀tí máa san owó ìtanràn. Owó yẹn ni wọ́n fi ń ra korobá, àkàbà, àti ìkọ́ gígùn tí wọ́n fi ń fa ilé wó kí iná má baà ràn dé ilé kejì.

Awọ ni korobá ìgbà yẹn, àwọn aránbàtà ló ń rán an. Lóru, àwọn ọlọ́dẹ máa ń rìn káàkiri ìlú pẹ̀lú ohun èlò onígi kan tó máa ń pariwo bí wọ́n bá ti ń fì í. Bí iná bá sọ, gbogbo ilé á tú jáde, wọ́n á tò láti etí omi dé ibi tí ilé ti ń jó. Ìlà kan á máa gbé korobá tó kún lọ, ìlà kejì á máa dá èyí tó ṣófo padà.

Ẹ kíyè sí i o: òfin àti ìyẹ̀wò ló kọ́kọ́ dé. Kò tíì sí ẹ́ńjìnnì kankan nígbà yẹn.

Ẹgbẹ́ ọmọ àdúgbò

Ní 1731, nígbà tí ìlú ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó sì ti di New York, ẹ́ńjìnnì méjì wọkọ̀ ojú omi dé láti London. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Richard Newsham ló ṣe wọ́n. Ẹ má ro ọkọ̀ pupa tó ń fọn fèrè o. Àpótí onígi gígùn kan ni, ó ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kéékèèké, pọ́ǹpù sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n á fi korobá da omi sínú àpótí náà, àwọn ọkùnrin á dúró lápá ọ̀tún àti lápá òsì, wọ́n á máa tẹ ọ̀pá pọ́ǹpù náà: bí àwọn ti ìhín bá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, á gbéra lọ́wọ́ àwọn ti ọ̀hún. Omi á sì máa tú jáde lẹ́nu páìpù tó wà lókè. Iṣẹ́ agbára gidi ni. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, apá á ti kú, àwọn míì á sì gbà á.

Ní 1737, òfin dá ẹgbẹ́ panápaná sílẹ̀. Wọn kò gba owó oṣù kankan. Alágbẹ̀dẹ, kápẹ́ńtà, aránbàtà àti oníṣòwò ló pọ̀ nínú wọn. Ohun tí wọ́n rí gbà ni pé wọn kò ní pè wọ́n fún iṣẹ́ ológun ìlú tàbí láti jókòó nílé ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ adájọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn.

Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan wà nínú ìtàn wọn. Molly Williams ni orúkọ rẹ̀, ó jẹ́ ẹrú ní ilé oníṣòwò kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Oceanus, Ẹ́ńjìnnì Nọ́ńbà 11. Ohun tí àwọn panápaná fi sílẹ̀ nínú ìtàn ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800, iná sọ níjọ́ kan tí yìnyín bo ìlú, tí àìsàn sì ti dá ọ̀pọ̀ ọkùnrin ẹgbẹ́ náà dùbúlẹ̀. Molly di okùn ẹ́ńjìnnì mú, ó ń fà á nínú yìnyín pẹ̀lú aṣọ ilé àti épírọ́ọ̀nù lọ́rùn. Òun ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ bí wọ́n bá béèrè obìnrin panápaná àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà.

Òru tí odò di yìnyín

Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 1835, iná sọ ní ilé ìkẹ́rùsí kan nítòsí Wall Street. Panápaná pọ̀, ẹ́ńjìnnì pọ̀. Omi ni kò sí. Òtútù mú débi pé odò East River ti dì gbagidi. Àwọn ọkùnrin náà kọ́kọ́ gbẹ́ ihò sínú yìnyín kí wọ́n tó rí omi fà. Èyí tí wọ́n fà tún ń dì nínú rọ́bà. Ìwọ̀nba tó jáde, afẹ́fẹ́ ń gbé e padà sí wọn lójú. Wọ́n rí ìmọ́lẹ̀ iná náà láti Philadelphia, ìlú tó jìnnà tó ìrìn 130 kìlómítà.

Níkẹyìn, ẹ̀tù ìbọn ni wọ́n fi fọ́ àwọn ilé tó wà níwájú iná kí ó má baà rí ohun jẹ mọ́. Ilé tó sún mọ́ 700 ló lọ sí i. Púpọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlú náà ló wọko gbèsè, nítorí pé owó tí wọ́n ní kò tó ohun tó jóná.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn kan náà, kí iná náà tó jó, àwọn olùdìbò ti fọwọ́ sí i pé kí ìlú fa omi wá láti odò Croton. Àìsàn onígbáméjì tó pa èèyàn ní 1832 wà lára ohun tó fà á. Lẹ́yìn iná, kò sẹ́ni tó tún ń béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi omi ṣe. Ní 1842, omi Croton wọ ìlú láti inú ọ̀nà omi tó gùn tó nǹkan bíi 66 kìlómítà. Ó ń ṣàn fúnra rẹ̀ láti ibi gíga wá sí ibi tó rẹlẹ̀. Ẹnu páìpù fún panápaná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Iná ńlá míì jó ní 1845, ó pa èèyàn 30, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí omi wà, ó sì jẹ́ pé 345 ilé ló jó.

Nígbà tí panápaná sọ iná

Omi ti dé. Àwọn tó ń fa ẹ́ńjìnnì ló wá di wàhálà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, àwọ̀ àti àwòrán tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ fi rọ́bà sẹ́nu páìpù ló ni ògo ọjọ́ náà. Nítorí náà wọ́n ń sáré ìdíje lójú títì, wọ́n sì ń jà nígbà tí ilé ń jó lọ. Olóṣèlú rí i pé ọmọ ogun ìbò ti wà nílẹ̀. William Tweed, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ Americus, Ẹ́ńjìnnì Nọ́ńbà 6, ti ibẹ̀ gòkè dé ipò ọ̀gá òṣèlú ìlú náà. Ó kó owó ìlú jẹ débi pé ẹ̀wọ̀n ló kú sí ní 1878.

Èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀ ní oṣù Keje 1863, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ kó èèyàn lọ sójú ogun. Ẹni tó bá ní 300 dọ́là lè fi ra ara rẹ̀ padà, òtòṣì kò lè ṣe é. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Black Joke, Ẹ́ńjìnnì Nọ́ńbà 33, tó ti mọ́ lára pé wọn kì í pe panápaná fún iṣẹ́ ológun, ya wọ ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń yan orúkọ, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n sì sọ iná sí i. Rògbòdìyàn náà gba ọjọ́ mẹ́rin. Kíá ló ti yí padà sórí àwọn aláwọ̀ dúdú: wọ́n ń lé wọn, wọ́n ń so wọ́n kọ́. Wọ́n dáná sun ilé ọmọ aláìlóbìí àwọn aláwọ̀ dúdú ní Fifth Avenue. Àwọn ọmọ tó lé ní 200 gba ẹ̀yìn ilé sá jáde. Ọ̀gá panápaná ìlú, John Decker, àti ìwọ̀nba àwọn èèyàn rẹ̀ gbìyànjú láti pa iná náà, àmọ́ àwọn jàǹdùkú borí wọn. Èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló kú kó tó rọlẹ̀.

Ẹgbẹ́ tó dá ilé pa iná ní ọjọ́ Ajé ni, ẹgbẹ́ náà ló sọ iná ní ọjọ́ Ajé kejì. Bí iṣẹ́ ìlú bá wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí kò sẹ́ni tó lè bi wọ́n ní ìbéèrè, ibi tó lè já sí nìyẹn.

Owó oṣù dé

Ìlú Cincinnati ti fi ọ̀nà hàn. Ní 1853, wọ́n dá ilé iṣẹ́ panápaná tó ń gba owó oṣù sílẹ̀, wọ́n sì gbé e lé ẹ́ńjìnnì tó ń fi ooru omi gbígbóná ti pọ́ǹpù. Agbára ọkùnrin máa ń tán, ẹ́ńjìnnì yìí kò mọ àárẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí èédú àti omi bá ṣì wà. Iṣẹ́ tó ń gba ọ̀pọ̀ ọkùnrin di ti ìwọ̀nba. Ohun tó mú kí àwọn ẹgbẹ́ New York kórìíra rẹ̀ nìyẹn: ó máa gba ipò lọ́wọ́ wọn.

Ní oṣù Kẹta 1865, òfin ìpínlẹ̀ fòpin sí ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda ní New York, panápaná di iṣẹ́ oṣù. Láti ìgbà yẹn ni ibùdó panápaná ti di ilé tí wọ́n ń gbé tọ̀sán tòru. Ẹṣin àti ẹ́ńjìnnì wà nísàlẹ̀, àwọn ọkùnrin ń sùn lókè. Bí agogo bá ti dún, ẹṣin á rìn lọ síwájú ẹ́ńjìnnì, ìjánu tí wọ́n so rọ̀ láti àjà á já bọ́ sí i lọ́rùn. Òpó tí wọ́n ń gbá mú sọ̀ kalẹ̀, Chicago ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1878, ní ibùdó Nọ́ńbà 21, níbi tí àwọn panápaná ti jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ẹṣin ìkẹyìn fẹ̀yìn tì ní New York ní 1922, mọ́tò sì gba iṣẹ́.

Owó oṣù kò mú ìwà burúkú kúrò lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí Wesley Williams, ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú, débi iṣẹ́ ní Manhattan ní 1919, àwọn tó bá níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ pé kí wọ́n gbé àwọn lọ síbòmíì. Ó dúró tì í, ó di ọ̀gá, ó sì dá ẹgbẹ́ Vulcan sílẹ̀ ní 1940 fún àwọn panápaná aláwọ̀ dúdú.

Omi wà, ẹ́ńjìnnì wà, síbẹ̀ 146 kú

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta 1911, iná sọ ní ilé iṣẹ́ aránṣọ Triangle, ní àjà kẹjọ sí ìkẹwàá. Panápaná tètè dé. Àmọ́ ilẹ̀kùn kan wà ní títì pa, àkàbà tó ga jù kò sì kọjá àjà kẹfà. Èèyàn 146 ló kú, ọ̀dọ́bìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin tuntun jáde lórí ilẹ̀kùn àbájáde, ẹ̀rọ tó ń wọ́n omi láti òkè àjà àti ìdánrawò sísá jáde. Ìlú padà síbi tí Stuyvesant ti bẹ̀rẹ̀: ẹ yẹ ilé wò kí iná tó sọ.

Àwa ńkọ́?

Ní Èkó, abẹ́ ọlọ́pàá ni iṣẹ́ panápaná ti bẹ̀rẹ̀ ní 1901. Òfin 1963 sọ ọ́ di ti ìjọba àpapọ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1972. Ìyẹn ni pé tiwa kò gba ọ̀nà ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda tó ń jà lójú títì. Owó oṣù ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí a ṣì wà ni 1835: ọkọ̀ dé, omi kò sí.

Nítorí náà, kí ẹ tó bú panápaná nígbà míì, ẹ rin àdúgbò yín yíká. Mo ṣe é ní tiwa. Láti ẹnu ọ̀nà wa dé títì ńlá, n kò rí ẹnu páìpù omi kan ṣoṣo, àmọ́ mo ka géètì mẹ́ta tí wọ́n máa ń tì lálẹ́. Mo mú un lọ sí ìpàdé àwọn onílé. Wọ́n gbà pé kí kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ ọlọ́dẹ. Ọ̀rọ̀ omi, wọ́n ní ìyẹn di ọwọ́ ìjọba. Ẹ fi 767 àti 112 sórí fóònù yín, fún Èkó ni. Kí ẹ sì bi káńsẹ́lọ̀ tó wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín ní ìbéèrè tèmi: níbo ni ọkọ̀ náà ti máa rí omi?