Ta Ló Kọ Orúkọ Ṣọ́ọ̀bù Yín Síbẹ̀? Ìtàn Bí Oníbàárà Ṣe Ń Rí Ọlọ́jà ní Àgbádárìgì

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Àgbádárìgì. Àdí àgbọn àti gúrúdì ni wọ́n ń tà. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà ní kíláàsì fẹ́ wá kí wa láti Ìbàdàn. Kò pè mí kó béèrè ọ̀nà. Ó wá orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà lórí fóònù rẹ̀, ó rí i lórí máàpù, ó gun ọ̀kadà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé ìjọsìn kan tí kò sẹ́ni tó mọ Màmá níbẹ̀. Ó pe nọ́mbà tó wà lábẹ́ orúkọ náà. Ọkùnrin kan gbé e láti Kánò, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ta àgbọn o. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe ẹni kẹrin lóṣù yìí.”

Ẹ̀rín ni a kọ́kọ́ fi rín in. Lẹ́yìn náà ni mo ronú pé bí èèyàn mẹ́rin bá ti pe ọkùnrin yẹn lóṣù kan ṣoṣo, oníbàárà mẹ́rin ni Màmá ti pàdánù láìmọ̀. Mo bi wọ́n pé, “Màmá, ta ló kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín síbẹ̀?”

“Ọmọ kan ni. Ó ní òun máa gbé mi sórí Google. Mo fún un lówó, ó yà mí ní fọ́tò, ó lọ. Ìgbà tí mo rí i mọ nìyẹn.”

Ìbéèrè yẹn ló bí àpilẹ̀kọ yìí, nítorí pé ní Àgbádárìgì, ìbéèrè ta ló kọ orúkọ ti pẹ́ ju Google lọ. Ìtàn ẹnu àwọn Ògù sọ pé àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Agbedeh ló kọ́kọ́ dáko síbẹ̀, oko rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè ní Agbedegreme. Ẹnu àwa Yorùbá yí i sí Àgbádárìgì. Ẹnu àwọn òyìnbó tún gé e kù sí Badagry. Nígbà tí Clapperton gúnlẹ̀ síbẹ̀ lọ́dún 1825 tó ń múra àtilọ sókè ọya, ohun tí etí òyìnbó gbọ́ ni wọ́n kọ sínú ìwé, ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n sì kọ sórí máàpù. Báyìí ni ìlú kan ṣe ní orúkọ mẹ́ta, tó sì jẹ́ pé èyí tí àwọn onílé kò sọ ló wá di ti ìjọba.

Ṣùgbọ́n kí máàpù tó di nǹkan, báwo ni oníbàárà ṣe ń rí ọlọ́jà? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ lítíréṣọ̀ alohùn mọ̀ pé ìpolówó ọjà ni ìdáhùn àkọ́kọ́. Ẹni tó ń kiri kò nílò àdírẹ́ẹ̀sì, òun fúnra rẹ̀ ni àdírẹ́ẹ̀sì. Ohùn rẹ̀ ló ń sọ ohun tó ń tà, bó ṣe dára tó, àti ibi tó dé lójú pópó. Olóko gbọ́ ohùn, ó mọ̀ bóyá ó ti sún mọ́ tòsí. Fún ẹni tó bá jókòó sójú kan, bí irú ọjà Agbálátà, ìsọ̀ ni àdírẹ́ẹ̀sì: àwọn aláta níbí, àwọn ẹlẹ́ja lọ́hùn-ún. Àlejò kò wá orúkọ ẹnikẹ́ni, ìsọ̀ ló ń wá.

Àlejò tó wá láti ọ̀nà jíjìn ní tirẹ̀ nílò onílé. Bó ṣe rí ní gbogbo etíkun yìí láyé ijọ́un nìyẹn. Ẹni tó o dé sọ́dọ̀ rẹ̀ ló máa mú ọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ọjà, òun ló máa dúró fún ọ, òun náà ló sì máa gba owó alágbàtà. Kò yẹ kí n sọ ìyẹn kọjá kí n má sọ pé ní Àgbádárìgì, èèyàn wà lára ọjà tí wọ́n ń tà bẹ́ẹ̀, ní ọjà Vlekete. Títí dòní, bí ẹ bá tẹ orúkọ ìlú náà sínú fóònù, ìtàn ẹrú ni yóò kún ojú ìwé àkọ́kọ́: Vlekete, Gbẹ̀rẹ̀fú, ibi tí ẹni bá kọjá kì í padà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń ta àdí àgbọn níbẹ̀ lónìí wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àdírẹ́ẹ̀sì tí a fi ohun tí ojú rí ṣe. Lábẹ́ igi Àgíyà ni wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ẹ̀sìn Kristi ní Àgbádárìgì lọ́dún 1842, nígbà tí Freeman àti Townsend dé. Ọdún 1845 ni ilé alájà àkọ́kọ́ dìde. Igi yẹn ṣubú lọ́dún 1959, síbẹ̀ ẹ ṣì lè sọ fún ọlọ́kadà pé kó gbé yín lọ síbi igi Àgíyà, kó sì gbé yín débẹ̀ tààrà. Igi ti lọ, àdírẹ́ẹ̀sì ò lọ.

Townsend kan náà yìí ló gba Àgbádárìgì kọjá sí Abẹ́òkúta lọ́dún 1846, tó sì dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1859. Lọ́dún 1863, Robert Campbell bẹ̀rẹ̀ Anglo-African ní Èkó. Láti ìgbà yẹn ni oníṣòwò ti lè fi owó ra àyè nínú ìwé kí ẹni tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí lè mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1920, Allister Macmillan kó àwọn oníṣòwò ńlá jọ sínú ìwé pupa rẹ̀ nípa Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pẹ̀lú fọ́tò wọn. Ẹ má wá alágbọn níbẹ̀. Ìwé nọ́mbà tẹlifóònù tó wá lẹ́yìn náà kò wúlò fún alágbọn bákan náà, nítorí pé nígbà tí GSM ń bọ̀ lọ́dún 2001, bí ìdajì mílíọ̀nù ìlà péré ló wà ní gbogbo Nàìjíríà. Nínú gbogbo ìwé wọ̀nyí, kò sí àyè fún ìsọ̀ kékeré.

Ohun tó yí padà nìyẹn, àyípadà ńlá sì ni. Láàárín ọdún 2010 sí 2015, ilé iṣẹ́ bíi VConnect ń kó orúkọ àwọn oníṣòwò Nàìjíríà jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Google ní Map Maker, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya òpópónà àdúgbò rẹ̀ sórí máàpù, títí wọ́n fi pa á tì lọ́dún 2017. Ọdún yẹn kan náà ni àwòrán òpópónà Èkó jáde lórí Street View. Lọ́dún 2014 ni Google My Business dé, èyí tí orúkọ rẹ̀ di Google Business Profile lọ́dún 2021. Ọ̀fẹ́ ni. Fún ìgbà àkọ́kọ́, alágbọn àti báńkì ń gba fọ́ọ̀mù kan náà.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Google fúnra wọn sọ pé nǹkan mẹ́ta ni àwọn ń wò: bóyá ohun tí o ń tà bá ohun tí èèyàn ń wá mu, bí o ṣe jìnnà sí i tó, àti bí òkìkí rẹ ṣe tó. A ò lè ṣe nǹkan kan sí jíjìnnà. Èyí tó bá ohun tí wọ́n ń wá mu, ọ̀rọ̀ kíkọ ni, ibẹ̀ sì ni àwa ọmọ Yorùbá ti wúlò. Ẹ wo àgbọn. Ẹ yọ àmì ohùn kúrò lórí rẹ̀, ẹ ti kó agbọ̀n tí a fi ń kó ẹrù, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ẹnu àti agbọ́n tó ń ta èèyàn pọ̀ mọ́ ọn. Gbogbo Àgbádárìgì ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Màmá Alágbọn. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ “Alagbon” láìfi àmì sí i ní ìpínlẹ̀ Èkó, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ní Ìkòyí ló fẹ́ gbé yín lọ!

Òkìkí ló jọ ti onílé àtijọ́ jù. Lọ́dún 1998, Larry Page àti Sergey Brin gbé ìmọ̀ kan kalẹ̀ pé ojú ìwé tí àwọn mìíràn bá ń tọ́ka sí ló yẹ kó wà lókè. Líǹkì ni wọ́n ń pe ìtọ́kasí náà, ṣùgbọ́n onígbọ̀wọ́ ni mo máa ń pè é lọ́kàn mi. Bí ilé ìtura kan létí òkun bá kọ ọ́ sí ojú ìwé rẹ̀ pé ọ̀dọ̀ Màmá ni àwọn ti ń ra àdí, ó ti dúró fún un. Bí ẹni tó ń mú àlejò lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú bá fi líǹkì ṣọ́ọ̀bù náà sí abẹ́ fọ́tò rẹ̀, ó ti dúró fún un. Àwọn kan ń ra onígbọ̀wọ́, bí ẹni tó háyà èrò kó wá máa yìn ín lọ́jà. Oṣù kẹrin ọdún 2012 ni Google gbé Penguin jáde láti máa já irú wọn lulẹ̀. Ìràwọ̀ márùn-ún tí ènìyàn ń rà náà kò yàtọ̀.

Nígbà tí mo wá jókòó ti fóònù Màmá, mo rí i pé orúkọ mẹ́ta ni ṣọ́ọ̀bù wọn ní, bí ìlú wọn gan-an. Pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó parí sí “Ventures”. Ọmọ tó ṣe é sórí máàpù kọ òmíràn tó dùn mọ́ ọn. Ẹnu àwọn aládùúgbò sì ní tirẹ̀. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ẹnì kan ni gbogbo wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn tó ń fi èyí ṣe iṣẹ́ máa ń sọ nìyí: orúkọ, àdírẹ́ẹ̀sì àti nọ́mbà fóònù gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo tí wọ́n bá ti fara hàn, títí dórí pátákó.

Àdírẹ́ẹ̀sì ńkọ́? Láti 2009 tí wọ́n ti ń fẹ títì Èkó sí Àgbádárìgì ni àwọn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ títì ti ń kó sẹ́yìn. Màmá ti kó lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ ilé kò ní nọ́mbà, nítorí náà a lo Plus Code tó ti wà nínú Google Maps láti 2015, lẹ́tà àti nọ́mbà díẹ̀ tó ń tọ́ka sí ojú ilẹ̀ gan-an láìbéèrè orúkọ òpópónà. Nọ́mbà ọkùnrin Kánò náà yé mi níkẹyìn. Nọ́mbà ọmọ tó gba iṣẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Ní Nàìjíríà, bí a kò bá lo nọ́mbà fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè dí i, tó bá sì pé ọdún kan, wọ́n lè fún ẹlòmíràn. Líǹkì tó fi síbẹ̀ náà ti kú: ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ojú ìwé ọ̀fẹ́ tó parí sí business.site, tí Google pa ní oṣù kẹta ọdún 2024. Ẹ wo ẹni tó san owó, tí ohun gbogbo sì wà lórúkọ ẹlòmíràn: ímeèlì rẹ̀, nọ́mbà rẹ̀, orúkọ tó wù ú.

Ẹ wo àkókò tí wọ́n fi ti ibodè Sẹ̀mẹ̀ náà, láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Àwọn tó ń ra ọjà láti Àjàṣẹ́ àti Kútọnu kò wá mọ́. Nígbà tí ibodè ṣí, wọ́n kò mọ ẹni tó ṣì ń tà àti ẹni tó ti kógbá wọlé. Mo rí ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ tí máàpù ní ó ṣí, tí koríko sì ti hù níwájú rẹ̀.

Láti gba àkọsílẹ̀ náà padà, a ní láti ya fídíò: pátákó, òpópónà, inú ṣọ́ọ̀bù, kí Màmá sì fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn kí ó hàn pé àwọn ló ni ín. Ìgbà mẹ́ta ni a yà á. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n dúró bí ẹni tó fẹ́ ya páásípọ́ọ̀tì. Ìgbà kejì, aládùúgbò kan dá wa dúró, ó bèèrè bóyá wọ́n fẹ́ ta ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà kẹta, Màmá bínú sí kọ́kọ́rọ́ tó há, ìyẹn ni wọ́n gbà.

Ká tó ya fídíò rárá ni àríyànjiyàn orúkọ ti wáyé. Mo fẹ́ kí á kọ Àgbádárìgì pẹ̀lú àmì. Màmá ní, “Ṣé ìwọ lo máa rà á ni? Àwọn tó ń rà á ò mọ àmì.” A gbà pé kí orúkọ náà jẹ́ Mama Alagbon Badagry, ohun kan náà tí kunlékunlé wá tún kọ sórí pátákó. Mo kọ Àgbádárìgì pẹ̀lú àmì rẹ̀ sínú àlàyé ìsàlẹ̀, àti àdí àgbọn, àti gúrúdì. Màmá kò rí ìyẹn.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn tí mo padà sí kámpọ́ọ̀sì, wọ́n pè mí. Obìnrin kan láti Àjàṣẹ́ ti pe nọ́mbà tuntun náà, ó fẹ́ jálá àdí mẹ́fà, ó sì béèrè ọ̀nà.

“Kí lẹ wá sọ fún un, Màmá?”

“Mo ní kó dé ráńdábáòtù, kó béèrè Màmá Alágbọn.”