Kí Ló Pa Ìkókó Náà?

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá dúró ní Ọjà Akẹ̀sán nítòsí ààfin Aláàfin, nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ, ẹ ó rí ìyá elélùbọ́ tí ń ka owó rẹ̀. Bí owó kò bá pé, kì í wí pé kádàrá ni. Yóò bi ara rẹ̀ pé, ta ni mo tà fún láwìn? Kóńgò ta ni mo wọ̀n kún jù? Ṣùgbọ́n bí ìkókó bá kú mọ́ ìyá kan náà lọ́wọ́, ohun tí a ó wí fún un ni pé omi ló dànù, agbè kò fọ́.

Àwọn baba wa kò ṣàìbèèrè o. Wọ́n bèèrè, àbíkú sì ni ìdáhùn tí wọ́n rí. Ẹ wo àwọn orúkọ wa: Málọmọ́, Dúrósinmí, Kòsọ́kọ́. Kòsọ́kọ́ ni pé kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ sin ọmọ mọ́.

Ní Ogbómọ̀ṣọ́, Dókítà George Green ti ìjọ Onítẹ̀bọmi dé láti Amẹ́ríkà ní 1907. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ruth Kersey tí í ṣe nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí gba àwọn ìkókó tí ìyá wọn kú sọ́dọ̀, ó ń bọ́ wọn, ó sì ń tọ́ wọn. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n wíwádìí ohun tó pa ìyá, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ní 1952, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀tọ̀ náà ní England àti Wales: bí abiyamọ bá kú, àwọn tó tọ́jú rẹ̀ yóò kọ bó ti rí sílẹ̀, a ó sì fi orúkọ pamọ́. Ìfipamọ́ yìí ni mo kà sí ọgbọ́n jù lọ. Agbẹ̀bí tó bá ń bẹ̀rù pé a ó lé òun lẹ́nu iṣẹ́ yóò purọ́. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2010.

Bí ó bá kan ti ìkókó, dókítà àti àwọn agbẹ̀bí a jókòó, wọn a ṣí ìwé ọmọ tó kú. Aago mélòó ni ìyá dé? Nígbà wo ni a gbọ́ lílù ọkàn ọmọ kẹ́yìn? Nígbà tí ọmọ jáde tí kò ké, ǹjẹ́ àpò tí a fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú wà nítòsí, àbí inú kọ́bọ́ọ̀dù tí a tì pa ló wà, tí ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ sì ti lọ sílé? Bí ó bá jẹ́ ọ̀ràn kọ́kọ́rọ́, kí ọ̀sẹ̀ tó parí ni ó yẹ kí a ti gbé àpò náà kọ́ sára ògiri. Ìpàdé tí kò bá lè gbé àpò kọ́ ògiri, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Láàárín 2007 sí 2011, a dán an wò ní ọsibítù 46 ní Sẹ̀nẹ̀gàl àti Málì. Ìdajì wọn ń yẹ ikú àwọn abiyamọ wò, a sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní ẹ̀kọ́ kún un. Ìdajì kejì ń bá iṣẹ́ wọn lọ bí ti àtẹ̀yìnwá. Níbi tí a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, ikú abiyamọ dín kù, ti àwọn ìkókó láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ sì fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín. Kò rí bákan náà níbi gbogbo: ní ti àwọn ìyá, olú-ìlú àti àwọn ọsibítù kéékèèké ló jèrè rẹ̀.

Ìwádìí ọdún 2018 ní Nàìjíríà fi hàn pé nínú ọmọ 1,000 tí a bí láàyè, 39 kì í pé oṣù kan. Ní 2019, ọsibítù ńlá 54 bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ̀ràn ìyá àti ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú àkọsílẹ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sílé ní abúlé, tí a sì sin kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sí nínú ìwé wọn.