Ilẹ̀ Dúdú àti Ilẹ̀ Pupa

 Ẹ̀yin ará Tchaada, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni a mú wá lónìí.

Bí ẹ bá ń gbẹ́ kànga, ẹ máa ń rí i pé ilẹ̀ kò rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òkè rẹ̀ dúdú díẹ̀. Ó rọ̀, gbòǹgbò kún inú rẹ̀, ekòló sì ń gbé ibẹ̀. Kò nípọn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ mẹ́ta lọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni erùpẹ̀ pupa wà, ó sì jìn gan-an. Ewé tí ó ti ń jẹrà láti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni ó ṣe ilẹ̀ dúdú yẹn. Òun ni ó ń bọ́ àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ yín. Ẹni tí ó bá ti gbin àgbàdo sórí erùpẹ̀ tí a gbẹ́ jáde láti inú kànga mọ ohun tí à ń wí.

Ní Jos, ní Òkè Ọya ní Nàìjíríà, wọ́n ti sọ ilẹ̀ dúdú nù rí. Ẹ gbọ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1904 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń wa tánńganran níbẹ̀, lórí ilẹ̀ tí àwọn Bírọ́ọ̀mù ń dá oko sí. Tánńganran ni wọ́n fi ń bo agolo kí ó má baà dípẹtà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò jìn sínú ilẹ̀. Nítorí náà wọn kò gbẹ́ ihò bí òkété. Ojú ilẹ̀ ni wọ́n ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọkọ́ àti omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò, kí ẹ̀rọ ńláńlá tó dé. Ní 1942, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Japan gba ilẹ̀ Malaya, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń rí tánńganran. Ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá fi ipá kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ sí Jos láti wa á.

Ta ni yóò ronú ilẹ̀ dúdú nígbà náà? Ohun tí ó wà lókè lọ sí ìsàlẹ̀, òkúta àti amọ̀ ìsàlẹ̀ bọ́ sókè. Òkìtì yí kòtò ká, omi kún inú kòtò. Ènìyàn àti ẹran ti kú sínú omi wọ̀nyí.

Lẹ́yìn ogun, ìjọba rán ẹ̀rọ lọ tẹ́ àwọn òkìtì náà, wọ́n sì gbin igi yukalíptọ́ọ̀sì sí i. Igi náà hù. Ó wúlò fún ìdáná àti òpó ilé. Ṣùgbọ́n a kì í fi igi ro ẹ̀kọ. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lóòótọ́, àmọ́ kò lọ́ràá, nítorí ilẹ̀ dúdú ti sin sábẹ́. Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ni ó wá ọgbọ́n mìíràn dá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń fi omi inú kòtò rin oko tòmátì àti ànàmọ́ òyìnbó, wọ́n sì ń kó eérú ààtàn ìlú àti ìgbẹ́ màlúù sí ilẹ̀. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni, ọdọọdún sì ni.

Bí Jos bá jìnnà sí yín, Togo kò jìnnà. Láti 1961 ni wọ́n ti ń wa fọ́sífétì ní agbègbè Hahotoé àti Kpogamé. Ilẹ̀ pupa bíi tiwa ni ó bò ó. Fọ́sífétì ni a fi ń ṣe ajílẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan: ohun tí ń mú oko ẹlòmíràn lọ́ràá, oko àwọn ará ibẹ̀ ni ó bá a lọ! Nítòsí wa pẹ̀lú, ní Onigbolo lẹ́bàá Pobè, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní 1982, òkúta ẹfun abẹ́ ilẹ̀ ni ó sì ń lò. Àgbẹ̀ tí ó ta erùpẹ̀ fún àwọn tí ń ṣe títì náà ti ṣí ilẹ̀ tirẹ̀.

Kí ni wọn ì bá ti ṣe ní Jos? Wọn ì bá kọ́kọ́ ha ilẹ̀ dúdú, kí wọ́n kó o sọ́tọ̀. Òkìtì rẹ̀ kò gbọdọ̀ ga ju ènìyàn lọ, torí pé àwọn ohun abẹ̀mí inú rẹ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Bí yóò bá pẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n gbin ẹ̀wà tàbí koríko lé e, kí òjò má baà gbá a lọ. Bí iṣẹ́ bá parí, erùpẹ̀ pupa ni a ó kọ́kọ́ dá padà sínú kòtò, kí a tó tẹ́ ilẹ̀ dúdú lé e lórí.

Lẹ́yìn náà ni a ó gbin mukúnà. Ìbátan yèrèpè ni, ṣùgbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀, èyí kì í yún ni. Láti 1987 ni àwọn àgbẹ̀ kan ní Mono, ní Bẹ̀nẹ̀ wa yìí, ti ń fi í sọ ilẹ̀ pupa tí ó ti ṣá jí.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá ra erùpẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ bi í léèrè ibi tí yóò kó ilẹ̀ dúdú sí, àti ìgbà tí yóò dá a padà. Kí ó kọ méjèèjì sínú ìwé, kí ẹ sì kà á fúnra yín kí ẹ tó buwọ́ lù ú.